Ọwọ́ Kan, Ara Kan

“Ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀, mà,” ni akọ̀wé àjọ ìtọ́jú aláìsàn wí. “Ẹ̀gbà gbọ́dọ̀ gbọ́ yín dáadáa.”

Ìbídùnní Akíndùró tún un sọ. Ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo láti ìgbà òjò tó kọjá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣì lè gbọ́ ohun tó ń sọ. “Mo gba ọwọ́ rẹ.”

Ẹ̀gbà funfun tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ tàn yanran. Èkejì rẹ̀, tó wà lọ́rùn ọwọ́ obìnrin tó dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tàn bákan náà, ó sì fún mọ́ ọn lára títí tí abẹ́rẹ́ kò fi lè ráyè gba àárín òun àti awọ kọjá. Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ fìrí, ó sì gbé ojú kúrò.

“Ó parí,” ni akọ̀wé wí. Láwore ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í jókòó nílé aláìsàn. “Láti òní lọ, Motúnráyọ̀ Mésàgan ni ọwọ́ yín. Òun ni yóò máa wẹ̀ yín, òun ni yóò máa yí yín padà, òun náà ni yóò máa fún yín lóúnjẹ. Bàbá, ṣé ẹ gbọ́?”

Fọláhàn, ọkọ Ìbídùnní, fẹ̀yìn ti ògiri. “Ṣé mi ò wá lè dì í lọ́wọ́ mú ni?”

“Bí ẹni ń kíni ni kí ẹ dì í mú. Bó bá ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀gbà á ké, àwọn èèyàn wa á sì dé. Ẹni tí yóò jogún kì í jẹ́ ọwọ́, Bàbá. Ẹ mọ ohun tó fa òfin yẹn.”

Fọláhàn mọ̀ ọ́n. Kò sí àdúgbò kan ní Ìdànrè tí wọn ò ti rí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo bàbá rẹ̀ lójú nítorí ilé.

Láwore yíjú sí obìnrin náà. “Ìwọ náà, ọwọ́ kan, ara kan. A ò fẹ́ irú ọdún tí àwọn ọwọ́ ń kó àrùn láti orí bẹ́ẹ̀dì kan bọ́ sí òmíràn mọ́. O ò gbọdọ̀ gbé ẹlòmíràn, o ò gbọdọ̀ dì mọ́ ẹlòmíràn. Bí o bá ṣe é, ẹ̀gbà yóò fi yé ọ.”

“Mo gbọ́, sà,” ni Motúnráyọ̀ wí.

“Bí mi ò bá fẹ́ ẹ mọ́ ńkọ́?” ni Ìbídùnní bi í.

“Ẹ ó sọ pé ẹ tú u sílẹ̀. Ẹnu yín nìkan ló lè tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kì í rí òmíràn gbà, mà. Ọwọ́ ò pọ̀ nílùú. Ilé Ìdúró ló kù fún un.”

“Bí ohùn mi bá lọ ńkọ́?”

“Ìyẹn ni pé ó di tiyín títí ẹ ó fi kú.” Ó ń kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò bó ṣe ń sọ ọ́. “Ó yẹ kí ọkàn yín balẹ̀ nípa ìyẹn.”

Kí àìsàn tó mú un, Ìbídùnní ló ń wa ọkọ̀ okùn tó ń gbé èrò láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sórí òkè, níbi tí àwọn olówó sá lọ nígbà tí ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fara dà mọ́. Bó bá gbé ọwọ́ lé irin ìdádúró, ọkọ̀ náà á dúró jẹ́ẹ́, omi inú ife èrò kò ní dà. Okùn yẹn gba orí Ilé Ìdúró kọjá. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe òrùlé ilé náà, kí oòrùn lè máa pa kòkòrò. Àwọn èrò a máa yíjú sápá kejì tí wọ́n bá débẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í yíjú kúrò lọ́nà. Ojoojúmọ́ ló ń rí wọn, àwọn tí kò ní ọwọ́. Wọ́n gbé wọn kọ́ sínú àpò aṣọ lórí irin gígùn bí ẹni sá ẹja. Irin ń yí wọn padà, omi ń já lé wọn lórí láti òkè, rọ́bà kan sì ń wọ ẹnu wọn tí àkókò oúnjẹ bá tó. Kò sí ẹni tó ń lù wọ́n níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bú wọn. Kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí ìka rẹ̀ kọ̀ láti mú irin, tí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, tí dókítà ṣàlàyé pé iṣan ara rẹ̀ ni yóò máa kú díẹ̀díẹ̀ títí ikú yóò fi dé àyà, Ìbídùnní kò sunkún. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ bá mi wá ọwọ́.”

Ọwọ́ ti wá dé o, kò sì mọ bí ẹni ṣe ń gbà á.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́ burú. Ẹ̀rọ agbéni tó wà lájà sọ aṣọ ìgbéni kalẹ̀, Motúnráyọ̀ tì í bọ abẹ́ ìdí àti abẹ́ apá rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbé e dirodiro kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sórí báàfù. Láti ìgbà tó ti di ìyá ọmọ, ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ ìhòòhò rẹ̀. Àjèjì yìí wá ń ya itan rẹ̀ nípá, ó ń fi kànìnkànìn fọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ kì í dárúkọ. Ó di ojú. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Fọláhàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

“Ṣé ìpẹ́ ẹja lo rò pé o ń họ ni?” ló sọ.

“Ẹja kì í sọ̀rọ̀, mà.”

Motúnráyọ̀ kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ìbídùnní la ojú wò ó bóyá ó ń fi òun ṣẹ̀sín ni. Ojú obìnrin náà wà lára ọṣẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìbídùnní fojú Motúnráyọ̀ rí màbo. Yóò pè é wá láti ilé ìdáná pé kó yí ìrọ̀rí, bó bá yí i tán, yóò ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sàn jù. Yóò tu oúnjẹ dà sí i lápá, yóò ní ó gbóná. Ó sọ fún un pé àwọn ará etí òkun kì í mọ́tọ́tó, àfi kó máa fi ọṣẹ fọ ìgbọ̀nwọ́ kó tó fọwọ́ kan òun. Motúnráyọ̀ á lọ fọ̀ ọ́, á sì padà wá.

“Ìyá Kọ́ládé, rọra,” ni Fọláhàn ń bẹ̀ ẹ́. “Bó bá bínú lọ ńkọ́?”

“Níbo ni yóò lọ?” ni Ìbídùnní dá a lóhùn. “Ẹnu mi ló wà.”

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí èyí dáwọ́ dúró. Ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ibà ṣe ń rọlẹ̀ ni. Ọwọ́ Motúnráyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Bí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ kákò, kí ó tó ráyè sọ, obìnrin náà ti dé ìdí ẹsẹ̀, ó ti ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó mọ ìgbà tí itọ́ fẹ́ há a lọ́nà ọ̀fun, ó mọ apá tó fẹ́ràn láti kọjú sí ní òwúrọ̀ kí ó lè máa wo ọkọ̀ okùn bó ṣe ń gòkè. Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ọ̀rọ̀. Motúnráyọ̀ sọ nípa ìlú wọn létí òkun tí omi gbé lọ, ilé kan lónìí, ilé méjì lọ́la, títí tí wọ́n fi kó àwọn tó kù wá sí àgọ́ tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, lábẹ́ òkè.

“Kí ló dé tó o fi gba ẹ̀gbà?” ni Ìbídùnní bi í.

“Owó rẹ̀ la fi kan páànù sórí ilé màmá mi, mà. Òjò ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀.”

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ mi. Fọláhàn gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ìsinmi Motúnráyọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tó ń da omi sí Ìbídùnní léjìká, Ìbídùnní rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ara tó wà lábẹ́ ẹ̀gbà ti bó, ó pupa, omi ń yọ lára rẹ̀.

“Kí ló jó ọ?”

“Ẹ̀gbà ni, mà.”

“Ta lo gbé?”

Motúnráyọ̀ fún kànìnkànìn gbẹ kí ó tó dáhùn. “Màmá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n lẹ́yìn ọjọ́ ọdún. Apá kan ò ṣiṣẹ́ mọ́.”

“O ò sọ fún mi.”

“Ẹ ò béèrè, mà.”

Ó ń bá ìwẹ̀ náà lọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò yí padà. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀gbà sí ará àgọ́ lọ́wọ́, torí náà wọ́n lè tọ́jú ara wọn bó ṣe wù wọ́n, àfi ẹni tó bá ti jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Òun sì nìkan ni ọmọ tó kù. Obìnrin kan ní ilé kejì a máa wá da omi sí màmá rẹ̀ lára bó bá ráyè, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti bímọ báyìí, kò ráyè mọ́. Motúnráyọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, torí ṣíbí kì í ṣe ara.

“O ò lè wọ ìbọ̀wọ́?”

“Mo ti wọ̀ ọ́. Mo ti wé aṣọ mọ́ ọwọ́. Ooru ara ló fi ń mọ̀, mà.” Ó gbé ẹsẹ̀ Ìbídùnní, ó ń fọ àárín ọmọ ìka rẹ̀. “Inú ìtọ̀ ni mo bá wọn lánàá. Ẹ̀yìn wọn ti dégbò, ó ti jìn. Mo ní kí n kàn gbé wọn sórí ẹní tó gbẹ. Mo gbé wọn dé ìdajì. Ẹ̀gbà ń jó mi, mo ń fara dà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣí fúnra rẹ̀. Wọ́n ṣubú.”

Ìbídùnní tún wo ọrùn ọwọ́ tó bó náà.

“Ẹ tú mi sílẹ̀, mà.”

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Kò kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ Ìbídùnní ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Dókítà ní ohùn yín ò ní pẹ́ lọ. Bó bá lọ, kò sẹ́ni tó lè tú mi mọ́.”

“Ilé Ìdúró ni wọn ó gbé mi lọ.”

“Mo mọ̀, mà. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.”

“Jẹ́ kí n rò ó.”

“Ẹ ṣeun, mà.” Ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Ohun tí Ìbídùnní kọ́kọ́ ṣe ni pé ó rán Fọláhàn sí àjọ, kí ó lọ bẹ̀ wọ́n fún ọwọ́ kan fún ìyá ọwọ́ òun. Fọláhàn padà dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jiná. Láwore ní àgọ́ kò sí lára ìlú. Ó ní bí aláìsàn bá ti ń ṣàánú ọwọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn, kí àjọ wá wò ó bóyá ó ṣì nílò rẹ̀.

Fọláhàn fa àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, kò súnmọ́ jù. Lẹ́yìn náà ló ní, “Má dá Motúnráyọ̀ lóhùn.”

“Ìyá rẹ̀ ń kú.”

“Gbogbo wa là ń kú. Àgbàlagbà ni ìyá rẹ̀.”

“Kò jù mí lọ, Bàbá Kọ́ládé.”

Ó wo ilẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò gbé ohùn sókè sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. “Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń jẹ́ ká wọ ibẹ̀ ni, n bá máa wá jókòó tì ọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. N ó kàn máa wọ ọkọ̀ okùn kọjá lórí rẹ ni.” Ó nu ojú. “Mi ò ní kí o kọ̀ fún un. Ìwọ ṣáà dákẹ́. Ohùn rẹ yóò lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán, kò sì sẹ́ni tó máa ní o ṣe nǹkan kan.”

Ìbídùnní rò ó títí. Ó ro ti obìnrin tó ṣubú sínú ìtọ̀ ara rẹ̀, tó ń wo ọmọ rẹ̀, tí ọmọ náà sì dúró síbẹ̀ tí kò lè fọwọ́ kàn án. Ó ro ti òrùlé gíláàsì. Nígbà kan tó ń wakọ̀, ó rí ẹnì kan nínú àpò aṣọ tó la ojú, tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ojú àwọn méjèèjì ṣe mẹ́rin, okùn sì gbé e kọjá. Ó ro gbogbo rẹ̀, ó sì pinnu. Ọmọ èèyàn ni òun, òun yóò tú u sílẹ̀. Nígbà tó pinnu tán, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó sùn bí ọmọdé.

Ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ gbé e dé orí báàfù. Motúnráyọ̀ rántí pé ọṣẹ ti tán, ó dá ẹ̀rọ dúró, ó sì jáde lọ mú òmíràn wá.

Ìbídùnní wà lórí afẹ́fẹ́. Aṣọ ìgbéni ń gé e lábẹ́ apá. Ẹ̀rọ ń kùn lórí rẹ̀, kùn-ùn, kùn-ùn, kò yára, kò sì falẹ̀. Orí rẹ̀ ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lè gbé e padà. Eṣinṣin kan bà lé ètè rẹ̀. Ó rìn lọ sí igun ẹnu, ó dúró, ó wọ inú ihò imú rẹ̀ díẹ̀, ó tún jáde. Ìbídùnní fẹ́ atẹ́gùn jáde láti lé e, atẹ́gùn náà kò lágbára. Eṣinṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sójú rẹ̀. Ó fẹ́ pe Motúnráyọ̀, ṣùgbọ́n bí orí rẹ̀ ṣe tẹ̀, ohùn kò jáde.

Kò pẹ́ tí Motúnráyọ̀ fi dé. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé eṣinṣin náà, ó gbé orí rẹ̀ sí àyè rẹ̀, ó nu igun ẹnu rẹ̀ fún un. Ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìbídùnní kò mọ ìgbà tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ fẹ́ sọ nǹkan, mà?”

Motúnráyọ̀ ti rí i lójú rẹ̀. Ó dá ọwọ́ dúró, ó ń retí. Gbogbo ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, Ìbídùnní kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ó kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà tó ti jí.

“Omi yẹn ń tutù lọ,” ni Ìbídùnní sọ.

Motúnráyọ̀ ṣì dúró. Ó retí díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan mìíràn, ó ṣí omi gbígbóná, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò kí ó má baà jó o, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

Kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìbídùnní ń retí ẹ̀bẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ó ti ṣètò ohun tí yóò sọ: bí kì í ṣe ọjọ́ yìí, bóyá ọ̀la. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Ìwẹ̀ kò burú sí i, oúnjẹ kò pẹ́, ọwọ́ obìnrin náà kò le jù bó ṣe wà lọ. Bí iṣan bá fẹ́ kákò, àtàǹpàkò rẹ̀ ti débẹ̀. Ìbá tẹ́ Ìbídùnní lọ́rùn kí ó gbá òun létí.

Ní ọ̀sán kan, wọ́n ránṣẹ́ láti àgọ́ pé ìyá náà ti kú. Àjọ fún Motúnráyọ̀ láyè títí di ìrọ̀lẹ́. Fọláhàn jókòó síta yàrá, Ìbídùnní sì dùbúlẹ̀ sínú ohun tó jáde lára rẹ̀, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn tó lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ara ń yún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ta á. Ó wo ọkọ̀ okùn títí oòrùn fi sún sẹ́yìn òkè.

Motúnráyọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó pààrọ̀ aṣọ, ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó wọlé. Ó yí Ìbídùnní sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yọ aṣọ tó ti bà jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

“O kú àṣẹ̀yìndè,” ni Ìbídùnní wí. Ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún un láti pè.

“Ẹ ṣeun, mà.” Ó fọ aṣọ ìnura nínú omi, ó fún un. “Mo wẹ̀ wọ́n. Ara wọn ti tutù nígbà tí mo fi débẹ̀, ẹ̀gbà ò sì mọ òkú. Mo gbé orí wọn lé ẹsẹ̀ mi. Mo wẹ irun wọn, mo wẹ ẹ̀yìn wọn, mo fi òróró sí gbogbo ibi tó ti dégbò. Mo dì mọ́ wọn. Mo pẹ́ o, mà. Ẹ̀gbà ò ṣe nǹkan kan.”

Kò sí omijé lójú rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn ọ̀nà tó gbà dé. Ó fi ìyẹ̀fun sí Ìbídùnní lẹ́yìn, ó tẹ́ aṣọ tuntun.

Nígbà náà ni Ìbídùnní ní, “Ṣé kí n tú ọ sílẹ̀ báyìí?”

Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun kì bá tí béèrè bí òun kò bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀ ṣáájú. Motúnráyọ̀ náà mọ̀. Ó dúró, ó wò ó, aṣọ ẹlẹ́gbin ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kí n lọ ṣe kí ni, mà?”

Ó gbé aṣọ náà jáde, ó tún padà wá, ó gbé ìrọ̀rí sókè kí Ìbídùnní lè jókòó.

“Kí lẹ fẹ́ jẹ?”

“Ògì,” ni Ìbídùnní wí.

Ó gbé e wá pẹ̀lú oyin, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè tutù, ó sì gbé e sí i lẹ́nu. Ìbídùnní kò tí ì jẹun láti òwúrọ̀. Ó mu ún tán, ó sì béèrè fún díẹ̀ sí i.